Báwo Ni Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Tẹ Bọ́tìnì Láìsí Ìka Èèyàn?

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run, fún atẹ̀wé kan ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Benson, ní Ìkòròdú. Létà mẹ́fà péré ni. Kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú rẹ̀ kò ní Ọ, kò sì ní àmì ohùn, torí pé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Bó bá jẹ́ Microsoft Word ló ń lò, yóò tẹ 1ECC, yóò di Alt mú, yóò tẹ X, nọ́ńbà náà á wá di Ọ. Yóò tẹ l. Yóò tẹ 1ECD, Alt àti X, kó tó rí ọ. Yóò tẹ 0301, Alt àti X, kí àmì òkè tó gorí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni r, u, n. Bí ẹ bá ka gbogbo bọ́tìnì tí ìka rẹ̀ kàn, 22 ni. Ètò ìsìnkú tí wọ́n kọ oríkì olóògbé sí kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oníbàárà sì ń dúró.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ètò ìsìnkú fi ń jáde láìní àmì kankan. Kì í ṣe pé atẹ̀wé kò mọ Yorùbá. Iṣẹ́ náà ló pọ̀ ju owó tí wọ́n ń san lọ. Ẹni tó bá wá fẹ́ ka oríkì náà lórí ibojì á máa dúró, á máa wò ó bóyá ọkọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, tàbí ọkọ, tàbí ọkọ́.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè tẹ bọ́tìnì 22 yẹn fúnra rẹ̀ ni? Ṣé kò lè ṣí mẹ́nù, kó yan ohun tó yẹ, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, nígbà tí a bá ti sọ bí a ṣe fẹ́ ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan? Ó lè ṣe é, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Àmọ́ kí èèyàn tó lè gbọ́kàn lé e, ó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìka àti létà.

Ọ̀nà tí bọ́tìnì ń gbà di létà

Abẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà iná méjì wà tí kò kan ara wọn. Títẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló ń mú kí wọ́n pàdé. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú kíbọ́ọ̀dù tó ń yẹ gbogbo àwọn ọ̀nà wọ̀nyí wò léraléra, láìsinmi, láti mọ èyí tó pàdé. Kọ̀ǹpútà náà sì ń bi ṣíìpù yìí léèrè ohun tó rí; púpọ̀ nínú kíbọ́ọ̀dù USB ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdáhùn tó ń gbà kì í ṣe “A” tàbí “B”. Nọ́ńbà ipò ni: wọ́n ti tẹ bọ́tìnì tó wà níbi báyìí, tàbí wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Kò tíì sí létà kankan níbẹ̀ o. Ètò olùdarí, ìyẹn Windows tàbí macOS tàbí Linux tó ń ṣàkóso ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà, ló ní tábìlì tó fi ń sọ nọ́ńbà ipò di létà. Ẹni tó bá ti Ìkòròdú lọ sí Kútọnu, tó sì lo kọ̀ǹpútà wọn níbẹ̀, á tètè rí i, nítorí ètò bọ́tìnì Faransé ni wọ́n ń lò: ibi tí Q wà lórí kíbọ́ọ̀dù Èkó ni A wà lórí tiwọn. Nọ́ńbà kan náà ni kíbọ́ọ̀dù méjèèjì ń fi ránṣẹ́. Tábìlì ló yàtọ̀.

Ẹ ó rí i pé ìròyìn méjì ni bọ́tìnì kan ń mú wá, ọ̀kan nígbà tí ó lọ sílẹ̀, ìkejì nígbà tí ó gòkè. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí Shift àti Ctrl lè ṣiṣẹ́. Ètò olùdarí mọ̀ pé Ctrl ti lọ sílẹ̀, kò sì tíì gòkè, nítorí náà P tó tẹ̀ lé e kì í ṣe létà mọ́. Àṣẹ láti tẹ ìwé jáde ni. Bí ohun kan bá sọ pé Ctrl ti lọ sílẹ̀, tó gbàgbé láti sọ pé ó ti gòkè, gbogbo létà tó bá tẹ̀ lé e á di àṣẹ. A ó tún bá èyí pàdé.

Lẹ́yìn tí ètò olùdarí bá ti tú nọ́ńbà náà tán, yóò tò ó sórí ìlà. Ẹ wo bí èrò ṣe ń tò láàárọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Ìkòròdú, láti ìgbà tí ọ̀nà rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ní 2015. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kì í béèrè bóyá Benson lẹ ti ń bọ̀ tàbí Agric. Pé ẹ wà lórí ìlà ti tó fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù tó ń gba létà ṣe ń ṣe. Kò rí ìka, kò sì mọ kíbọ́ọ̀dù. Ohun tó bá ti orí ìlà bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń lò.

Ibí yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Bí ètò mìíràn nínú kọ̀ǹpútà bá lè fi ìròyìn sórí ìlà yẹn, pé bọ́tìnì báyìí lọ sílẹ̀, bọ́tìnì báyìí gòkè, Word á gbà á bí ẹni pé ìka ló ṣe é. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún èyí wà nínú Windows. SendInput ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sí. Lórí Mac, System Events ló ń ṣe é. Lórí Linux, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ xdotool wà fún un. Windows máa ń fi àmì sára ìròyìn tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, kí ètò tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè mọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ áàpù kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe torí ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe ṣí i sílẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́, ẹnu ọ̀nà yìí ni létà rẹ̀ ń gbà wọlé. Kíbọ́ọ̀dù tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà fún ẹni tí kò lè lo ti ọwọ́ náà nílò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní ìpèníjà ara ló di èrè fún gbogbo wa, a ó sì tún rí àpẹẹrẹ rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí a ń kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé ni màá máa pè ní ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ìlà lórí ìlà: ṣí èyí, tẹ èyí, dúró, yan èyí. Lórí Windows, ètò tí ọ̀pọ̀ ń lò láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni AutoHotkey tí Chris Mallett gbé jáde ní 2003. Ọ̀fẹ́ ni. Microsoft náà sọ Power Automate Desktop di ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń lo Windows 10 ní 2021, níbi tí èèyàn ti lè kó àwọn ìgbésẹ̀ jọ láìkọ ohun púpọ̀.

Fèrèsé olùgbọ́

Fèrèsé lè pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: Word, WhatsApp, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo ni létà ń lọ bá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní fèrèsé olùgbọ́. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ kẹ́yìn ló sábà máa ń jẹ́, òun náà sì ni atọ́ka tó ń ṣẹ́jú wà nínú rẹ̀.

Èèyàn kì í ronú nípa fèrèsé olùgbọ́, torí pé ojú rẹ̀ ń ríran. Ìwé àṣẹ kò ríran. Bó bá ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà sínú fọ́ọ̀mù, tí fèrèsé WhatsApp wá fò síwájú láàárín iṣẹ́, kò ní dúró. Yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ sínú WhatsApp, bó bá sì dé ibi tí wọ́n ti ní kó tẹ Enter, ó ti fi nọ́ńbà oníbàárà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò tọ́ sí. Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé àṣẹ tó dára kì í ṣe “tẹ”. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe fèrèsé tó fẹ́ ní orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kó rí i dájú pé òun ló ń gbọ́, kó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ Enter èyíkéyìí.

Títẹ mẹ́nù: ibi tó wà, tàbí orúkọ rẹ̀?

Títẹ létà ló rọrùn. Ṣùgbọ́n kíké sí mẹ́nù ń béèrè pé kí kọ̀ǹpútà mọ ibi tí nǹkan wà.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ká fi ibi tó wà hàn án. Ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ àpapọ̀ àwọn àmì kéékèèké tó tò ní ìbú àti ní òòró. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, 1366 ni ní ìbú, 768 ní òòró. Igun òkè lápá òsì ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ lè sọ pé: gbé atọ́ka máòsì lọ sí 640 ní ìbú, 22 ní òòró, kí o tẹ̀ ẹ́. Windows 3.0 tó jáde ní 1990 ní ètò kan nínú tó ń jẹ́ Recorder, tó ń wo ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe, tó ń gbà á sílẹ̀, tó sì ń tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe é. Nígbà tí Windows 95 máa fi dé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń bàjẹ́ pọ̀. Ẹ fa fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bọ́tìnì ti kúrò ní 640. Ẹ gbé ìwé àṣẹ náà láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn tí ojú rẹ̀ tóbi jù, tàbí tí wọ́n mú kí létà rẹ̀ tóbi nítorí àgbàlagbà tó ń lò ó, ohun gbogbo ti ṣípò. Atọ́ka náà á ṣì lọ sí 640 àti 22, yóò tẹ ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ohun náà sì lè jẹ́ bọ́tìnì tó ń pa fáìlì rẹ́. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù sàn jù ú lọ. Ctrl àti P kì í ṣípò, bó ti wù kí fèrèsé tóbi tó. Àwọn ọmọ tó ti ṣe ìdánwò JAMB láti ọdún 2015, tí gbogbo rẹ̀ ti di orí kọ̀ǹpútà, mọ bí èyí ṣe lágbára tó. Kí ọmọ tí kò di máòsì mú rí má bàa jìyà, JAMB ṣètò rẹ̀ kí bọ́tìnì mẹ́jọ péré tó ìdánwò náà ṣe: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi ìwé sílẹ̀, R láti padà. Ètò tí èèyàn lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ darí látòkè délẹ̀ kò ní ibì kan tí máòsì ti lè ṣìnà.

Ọ̀nà kẹta ló jinlẹ̀ jù, òun sì ni mo sọ pé a ó tún bá àwọn tó ní ìpèníjà ara pàdé níbẹ̀. Ted Henter jẹ́ ará Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù sáré ìje, kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó fọ́ ọ lójú ní 1978. Ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé JAWS jáde ní 1989, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú. Láti ka bọ́tìnì sókè, ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bọ́tìnì ni, kó mọ orúkọ rẹ̀, kó sì mọ̀ bóyá ó ṣeé tẹ̀ lọ́wọ́ yìí. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan kò lè sọ ìyẹn. Ní 1997, Microsoft gbé ètò kan jáde tí áàpù fi lè máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀: fèrèsé ni mí, mẹ́nù mẹ́jọ ló wà lábẹ́ mi, orúkọ àkọ́kọ́ ni File, abẹ́ rẹ̀ ni Print wà, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn orúkọ wọ̀nyí so mọ́ ara wọn bí ẹ̀ka ṣe so mọ́ igi, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní igi orúkọ.

Ìwé àṣẹ tó bá ń lo igi orúkọ kò nílò láti mọ ibi tí Print wà. Yóò bi igi náà pé, ta ni Print nínú mẹ́nù File? Yóò sì ní kí áàpù tẹ̀ ẹ́, kódà bí òmíràn bá bo fèrèsé náà mọ́lẹ̀. Lórí Mac, èèyàn lè fi AppleScript, tí Apple gbé jáde ní 1993, kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu: tẹ ohun tó ń jẹ́ Print nínú mẹ́nù tó ń jẹ́ File. Kí ó tó ṣe é, Mac á kọ́kọ́ béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ yín ní ibi ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, nítorí ẹnu ọ̀nà kan náà ni.

Bí orúkọ bá wà, ẹ lo orúkọ. Bí kò bá sí, ẹ lo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí 640 àti 22 gbẹ̀yìn.

Ẹ dúró de àmì, ẹ má ṣe dúró de aago

Ọ̀rọ̀ àkókò ló ń ba ìwé àṣẹ jẹ́ jù lọ ní àyíká wa. Kọ̀ǹpútà lè fi bọ́tìnì ọgọ́rọ̀ọ̀rún sórí ìlà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Fèrèsé tó fẹ́ gbà wọ́n lè má tíì ṣí. Àwọn létà tó bá kọ́kọ́ dé á bọ́ sínú fèrèsé tó ṣì ń gbọ́ ṣáájú, ìyókù á bọ́ sínú tuntun, orúkọ oníbàárà á wá gé sí méjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ìwé àṣẹ sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó tẹ̀ síwájú. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já gaara. Ní ọ̀sán tí gbogbo ènìyàn ń forúkọ sílẹ̀ lórí ojú òpó kan náà, ojú ewé kan lè gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá kó tó ṣí, sísinmi mẹ́ta kò sì já mọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá sì ní kó máa sinmi ogójì ní gbogbo ìgbà, ẹ ti fi àkókò ṣòfò láàárọ̀.

Ohun tó tọ́ ni kó dúró de àmì. Dúró títí fèrèsé tó ń jẹ́ “Save As” á fi hàn. Dúró títí bọ́tìnì tó ń jẹ́ “Continue” á fi ṣeé tẹ̀. Kí a sì fi òpin sí i: bí àmì náà kò bá hàn láàárín ìṣẹ́jú kan, má tẹ ohunkóhun mọ́, ké sí èèyàn. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, òpin yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kọ ìwé àṣẹ má ṣe fò dá.

Ká ní ilé ìwé girama kan ní Ẹ̀pẹ́ kó èsì ìdánwò ọmọ 200 wá, fáìlì Word kan fún ọmọ kan, tí wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di PDF. Bí èèyàn bá ń lo 40 ìṣẹ́jú àáyá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà ju wákàtí méjì lọ, ohun kan náà sì ni yóò máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé àṣẹ á ṣí fáìlì, á dúró títí orúkọ fáìlì náà á fi hàn lókè fèrèsé. Á tẹ F12, á dúró de “Save As”. Alt àti T á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan irú fáìlì, P á mú PDF, Enter á tọ́jú rẹ̀. Á pa fáìlì náà dé, á mú òmíràn.

Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n Word ní ibì kan tí wọ́n lè máàkì pé kí PDF ṣí lẹ́yìn tó bá ti tọ́jú rẹ̀ tán. Bí ẹnì kan bá ti máàkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, fèrèsé PDF á fò jáde lẹ́yìn fáìlì àkọ́kọ́, á di fèrèsé olùgbọ́, òun náà ni àṣẹ tó ní “pa á dé” á sì lọ bá. Word á ṣì wà ní ṣíṣí. Bí ìwé àṣẹ kò bá ń yẹ fèrèsé olùgbọ́ wò, fáìlì 200 á di 200 àṣìṣe. Bákan náà ni bí PDF kan bá ti wà pẹ̀lú orúkọ kan náà: ìbéèrè á jáde pé ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, Enter tó wà fún nǹkan mìíràn á sì dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ mìíràn kún un. Fún iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ yìí, títẹ bọ́tìnì kọ́ ni ọ̀nà tó dára jù. Word ti ní èdè àṣẹ tirẹ̀ nínú, VBA, láti Word 97. Excel ti ní i láti 1993. Ẹ lè fi í sọ fún Word láìlo ìlà bọ́tìnì rárá pé kó sọ fáìlì báyìí di PDF, fèrèsé kan kò sì ní fò jáde láti dààmú rẹ̀. Bí áàpù bá ní etí tirẹ̀, etí yẹn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Títẹ bọ́tìnì wà fún áàpù tí kò ní etí: ètò ìṣirò owó àtijọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ kò sí mọ́, fọ́ọ̀mù tí kò gba ohun mìíràn ju kíbọ́ọ̀dù lọ. Ìyẹn sì pọ̀ níbi iṣẹ́ wa.

Létà márùn-ún tí Yorùbá kò lò

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bọ́tìnì 22. AutoHotkey lè fi aṣọ́bodè kan sí ẹnu ìlà, tó ń wo bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan kó tó dé ọ̀dọ̀ Word. Bó bá rí èyí tí a ní kó mú, yóò gbé e mì, yóò sì fi òmíràn síbẹ̀.

Bọ́tìnì wo ni kó mú? Àwọn kan á ní kí o àti àmì ìdánudúró di ọ. Ẹ dán an wò nínú gbólóhùn wa: “Ẹ káàbọ̀ o.” Gbogbo “o” tó bá parí gbólóhùn á di ọ. Àwọn mìíràn á ní kí oo di ọ, ṣùgbọ́n oòrùn ńkọ́? Ábídí Yorùbá fúnra rẹ̀ ló ní ìdáhùn. Kò lo c, q, v, x àti z. Létà márùn-ún ló ṣófo. Ohun tí a sì ṣe aláìní náà jẹ́ márùn-ún: ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. Kí q di ọ, kí x di ẹ, kí c di ṣ, kí v jẹ́ àmì òkè, kí z jẹ́ àmì ìsàlẹ̀. Ọlọ́run á wá di Qlqvrun lábẹ́ ìka: bọ́tìnì mẹ́jọ, tí a bá ka Shift mọ́ ọn. Ẹ fi 22 wé e.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí aṣọ́bodè náà mọ̀. Èkíní, c, v, x àti z náà ni a ń lò pẹ̀lú Ctrl láti ṣe ẹ̀dà, láti lẹ̀ ẹ́, láti gé e àti láti dá ohun tí a ṣe padà. Nítorí náà bí Ctrl bá wà nílẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Èkejì, Victor àti Grace á wà nínú ètò ìsìnkú náà, torí náà ẹ yan bọ́tìnì kan tí ẹ kì í lò láti máa fi tan aṣọ́bodè àti láti máa fi pa á.

Ẹ̀kẹta ló fara sin. Nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú létà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Méjì ni: ọ, àti àmì òkè tó gùn ún lórí. Ìdí nìyẹn tí Backspace fi máa ń pa àmì rẹ́ nígbà àkọ́kọ́, tí létà á ṣì wà níbẹ̀. Ti à yàtọ̀, ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, torí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò ó. Bí aṣọ́bodè bá wá fi àmì ìsàlẹ̀ sórí a lásán, ojú á rí à, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á rí nọ́ńbà méjì, wíwá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì sì lè má bá a. Aṣọ́bodè tó gbọ́n máa ń rántí létà tó ṣáájú; bó bá jẹ́ a, e, i, o tàbí u, yóò pa á rẹ́, yóò sì fi èyí tó ní nọ́ńbà kan rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ tirẹ̀ kò nílò láti ṣe wàhálà. Àjọ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti ṣe ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, àwọn tó wà nídìí YorubaName.com náà sì ti gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Tábìlì ipò tí a sọ lókè ni wọ́n yí padà, wọn kò fi aṣọ́bodè sí i.

Aṣọ́bodè tí a kò pè

Ohun tó ń wo bọ́tìnì láti sọ q di ọ lè wo bọ́tìnì láti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ tó wà ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fi irú ètò bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń lò á máa gba gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í hàn lójú. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, bó ti wù kí ẹ mọ ẹni tó ni ín tó; òun náà lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gba ìwé àṣẹ tí ẹ kò lè kà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí náà ni ìdí tí n kò fi fara mọ́ kíkọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé àṣẹ kó lè máa bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì náà á kà á.

Windows náà ti ilẹ̀kùn kan. Láti ìgbà Windows Vista, ní 2007, ètò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára lásán kò lè tẹ bọ́tìnì sínú èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára alábòójútó. Bí ìwé àṣẹ yín bá ń tẹ̀, tí fèrèsé kan kò sì dáhùn rárá, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ẹ tó tú ìwé àṣẹ sílẹ̀ lórí fáìlì 200, ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ fún un ní bọ́tìnì tó ń dá a dúró. PyAutoGUI, irinṣẹ́ irú èyí fún àwọn tó ń kọ èdè Python, ṣe tirẹ̀ kí ó dúró bí ẹ bá ti máòsì lọ sí igun ojú kọ̀ǹpútà, torí pé kò sí ìgbà tí èèyàn kò lè ti máòsì. Bí ẹ bá sì gbàgbé pé ìròyìn méjì ni Ctrl ń mú wá, pé ó ń lọ sílẹ̀, ó sì ń gòkè, ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá dá a dúró láàárín lẹ ó rántí; ẹ tẹ Ctrl gidi lórí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ sì fi í sílẹ̀, á tú.

Ohun tó kù ni iná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì á kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ìwé àṣẹ kò sì ní rántí ibi tó dé. Ẹ ní kó máa kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìrántí kan lẹ́yìn tó bá ti rí i pé PDF rẹ̀ wà nílẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e padà, yóò kọ́kọ́ ka ìwé ìrántí náà, yóò rí i pé orúkọ 117 ló wà níbẹ̀, yóò sì mú ti ọmọ kejìdínlọ́gọ́fà.